Ìrántí Opó Adékàmbí

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rántí nǹkan kan o."

Ọ̀rọ̀ tí Tinúadé, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ arántí, kọ́kọ́ sọ nìyẹn bó ti ń fi fìlà rọ́bà tútù bo orí Mosúnmọ́lá. Omi iyọ̀ ń kán lára fìlà náà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ògiri lọ. Ó bá orí Mosúnmọ́lá mu régé, nítorí irun orí rẹ̀ tí wọ́n fá nígbà ọ̀fọ̀ kò tíì hù tán. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ẹ gbọ́ mi ná, ta ló ń sọ fún opó pé kó má rántí ọkọ rẹ̀?

"Kí ni kí n wá máa rò?"

"Ẹ máa ro ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ sè. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ló máa ń ro ọbẹ̀."

Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀. Láti ojú fèrèsé ó ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń fi agbára oòrùn rìn ṣe ń forí gún èbúté Ilé Ẹ̀rí, tí èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìlú Ìdó-Ọ̀sà ló wá. Ilé Ẹ̀rí kò rí bí ilé ẹjọ́ ayé àtijọ́ tí àwọn bàbá wọn ń sọ, níbi tí ẹlẹ́rìí ti ń fi ẹnu rò, tí lọ́yà sì ń yí i po. Níbí, ẹ̀rọ ló ń fa ohun tó wà ní agbárí jáde sára ògiri funfun kí tọmọdé tàgbà wò ó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún ẹnu: kó búra pé òun kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìdánwò kékeré la fẹ́ ṣe," ni Tinúadé wí. "Ẹ pè é wá díẹ̀, kí n mọ̀ bóyá fìlà ń gbọ́. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o."

Mosúnmọ́lá di ojú. Kò tiẹ̀ wá a jìnnà. Nígbà tó lajú, ọ̀sà ti wà lára ògiri, àti ibodè omi onírin ńlá tí kì í jẹ́ kí ọ̀sà wọ ìlú. Ọkọ rẹ̀, Adékàmbí, dúró nínú omi nísàlẹ̀ ibodè, omi dé àyà rẹ̀, ó ń fa ewé ojú omi tó há sẹ́nu irin. Lókè, lórí afárá, Kúkọ̀yí dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin tí wọ́n fi ń gbé ibodè sókè. Ó fà á. Ibodè gbéra, ọ̀sà sì ya wọlé, kò sì sí Adékàmbí mọ́.

Tinúadé tètè pa á. "Yéè! Ó mọ́ kedere. Ẹ̀rí tó mọ́ tó báyìí ṣọ̀wọ́n."

Ó yẹ kí inú Mosúnmọ́lá dùn. Ṣebí ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kí wọ́n mú ẹni tó pa ọkọ òun? Wọ́n ti mú un. Kúkọ̀yí, ọ̀rẹ́ Adékàmbí, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ibodè, wà nínú àgò gbọ̀ngàn níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ̀rí yìí bá jáde, wọn á fọ gbogbo ìrántí orí rẹ̀ mọ́ féfé títí kan orúkọ ìyá tó bí i, wọn á sì tú u sílẹ̀ kó máa rìn kiri bí ọmọ tuntun tó ní irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yún obìnrin náà lọ́kàn. Kò mọ ohun tó jẹ́, àfi ìgbà tó tún un rò. Orí ni. Orí Kúkọ̀yí lára ògiri yẹn ń dán.

"Họ́wù!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí."

Ó wà, àní ó wà! Gbogbo ìlú ló mọ irun Kúkọ̀yí nígbà náà. Ó kún, ó ga, Adékàmbí a máa bi í pé ṣé ẹyẹ ò tíì yé sínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sin Adékàmbí tán ni Kúkọ̀yí tó fárí kodoro, bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú un, àwọn wọ́dà sì ń bá a fá a lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí orí náà yóò ṣe ní kàyéfì nínú gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n báwo ni òun Mosúnmọ́lá ṣe rí orí tí wọ́n fá nítorí òkú, nígbà tí òkú náà kò tíì kú?

Ó wo Tinúadé láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló ni ẹ̀rọ yìí?"

"Ìjọba ni. Àjọ tó ń ṣọ́ ibodè omi ló ń fún wa ní iná."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ọ̀gá àjọ náà, Ṣódìmú, ni gbogbo ayé mọ̀ pé yóò lọ sẹ́wọ̀n bó bá jẹ́ pé ibodè fúnra rẹ̀ ló gbéra láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. "Àbúrò, bí mo bá bi ọ́ léèrè, ṣé wàá dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí? Ǹjẹ́ ohun tí èèyàn rí lẹ́yìn lè wọ inú ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀?"

Tinúadé fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ mọ òrí, àbí? Òrí tí a fi ń para ọmọ. Bó bá wà nínú òtútù, ó gan. Ẹ gbé e sóòrùn, á yọ́. Irun tó bá já sínú rẹ̀ nígbà tó yọ́, bó bá tún gan, irun á wà nínú ẹ̀. Bí ìrántí ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é ló ń yọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí yín létí nígbà náà, ojú ẹni tí ẹ bá ń wò, ó lè bọ́ sínú ẹ̀, kó sì gan mọ́ ọn. Ẹ̀yà kékeré kan tó ká kò nísàlẹ̀ ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ mú. Tí ẹ bá sùn, á máa fi lé ọpọlọ òkè lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi fìdí múlẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ fojú rí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi kún un. Ìdí tí Òfin Ìdákẹ́ fi wà nìyẹn."

"Ó lè jẹ́ orí nìkan ló yí padà, tí ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó lè jẹ́."

"Ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń gbé jáde." Tinúadé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sọ ọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn! Òfin Ìdákẹ́ wà lára gbogbo òpó èbúté, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ẹni tó bá rí ikú kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ̀rọ yóò fi gbà á. Àwọn tó ṣe òfin, ó jọ pé ọ̀fọ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n rí. Èèyàn á wá kí ọ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, á jókòó, á mí kanlẹ̀, á ní, "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" Kí o wá yadi? Wọn ò ní tíì dé èbúté tí wọn yóò fi máa sọ pé ìwọ lo pa á. Mosúnmọ́lá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn àna, ó sọ ọ́ fún aládùúgbò, ó sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ìjọ, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣódìmú ń wọlé. Ó ń wá ju àwọn àna lọ. Nígbà náà, oore ni Mosúnmọ́lá kà á sí, ó tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún un. Ọkùnrin náà á jókòó tì í, á sì ní kó sọ ọ́, kó lè fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Bó bá dé ibi tí ibodè ti gbéra, Ṣódìmú á fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá sí i: "Ta ló dúró lókè? Rò ó dáadáa, ìyàwó. Ṣebí Kúkọ̀yí ló ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn." Kúkọ̀yí tìkára rẹ̀ á sì wà ní ọ̀ọ́kán, tòun ti orí kodoro, á máa bu omi fún àlejò. Ojú Mosúnmọ́lá á sì wà lára rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun sunkún, kò ríran. Ó gbìyànjú láti rántí bó ṣe sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, kí Ṣódìmú tó wọlé rárá. Ṣé ó dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí afárá? Ó wá a wá a, kò rí i. Gbogbo ibi tó bá yà sí, Kúkọ̀yí ti wà níbẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé ọ̀rọ̀ Ṣódìmú tó ń rántí yìí gan-an, kí ló mú un dá a lójú pé kò sí irun kankan nínú òun náà?

"Bí mo bá ní mo ti sọ ọ́ ńkọ́?" ló bi Tinúadé.

"Wọn á ní ó ti bàjẹ́. Ẹjọ́ á fọ́, nítorí kò sí ẹ̀rí mìíràn. Ṣùgbọ́n ìrántí tó bá bàjẹ́, òfin ò gbà á láyè láàárín ìlú, kó má baà ran ẹlòmíràn. Wọn á ní kí n fọ̀ ọ́."

"Fọ èwo?"

"Ọjọ́ yẹn látòkè délẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti jí. Mi ò lè yọ apá kan kí n fi apá kan sílẹ̀. Egbòogi náà á sì tọ gbòǹgbò rẹ̀ dé ibi yòówù tí ẹ ti ronú kàn án láti ìgbà náà."

Mosúnmọ́lá tún ọ̀rọ̀ náà rò. Láti ìgbà tí ẹ ti jí! Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni òun àti Adékàmbí ti ń jà. Òun fẹ́ kí wọ́n kó kúrò lẹ́nu ọ̀sà, kí wọ́n gòkè lọ bá àwọn èèyàn òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tí omi kò lè dé. Ọkọ rẹ̀ ní ta ni yóò ṣọ́ ibodè. Ìjà náà le débi pé wọ́n ń kọ ẹ̀yìn síra wọn sùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú ni wọ́n parí rẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó wá kí i, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni. Bí wọ́n bá fọ òwúrọ̀ yẹn, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn ni yóò kù sí i lọ́kàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, kò dúró kí wọ́n dáhùn. Ṣódìmú ni, tòun ti agbádá funfun àti òórùn lọ́fínńdà.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ọkàn rẹ balẹ̀, àbí? Jẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bí a ṣe máa ń…" Ó rí Tinúadé, ó sì gbé ìyókù mì. "Bí o ṣe rí i ni kí o jẹ́ kí wọ́n rí i. Olúwa yóò gbèjà opó."

"Àmín, sà," ni Mosúnmọ́lá wí. Ó wo ẹ̀yìn agbádá náà bó ti ń jáde. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn kò dé ojú rẹ̀. Ṣé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn látẹ̀yìnwá, àbí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura?

Nígbà tí wọ́n mú un wọ gbọ̀ngàn, èrò ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Adájọ́, ìyá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀, jókòó sábẹ́ ògiri funfun. Kúkọ̀yí wà nínú àgò. Ó ti rù. Ó wo Mosúnmọ́lá lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ojú ẹlẹ́bi nìyẹn, àbí ojú ẹni tí àṣìṣe fẹ́ pa? Obìnrin náà kò mọ̀. Kó má parọ́ fún ara rẹ̀, ó ṣì ń fura sí i. Ọwọ́ kan náà tí ó rí lórí irin yẹn ṣì ń fa irin lójú rẹ̀.

Akọ̀wé bi í léèrè bí wọ́n ti ń bi gbogbo ẹlẹ́rìí: "Ṣé ẹnu rẹ mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ò ju kékeré lọ. "Ẹnu mi mọ́," kí ó sì máa lọ sílé tòun ti òwúrọ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, tí Kúkọ̀yí kò sì sí níbẹ̀, a jẹ́ pé òun àti Ṣódìmú ni wọ́n jọ gbé ọmọ ọlọ́mọ gun orí afárá yẹn. Ìyẹn ni kò lè gbé sùn.

"Ẹnu mi ò mọ́, Olúwa mi."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Akọ̀wé rò pé òun kò gbọ́ dáadáa ni.

"Mo ní ẹnu mi ò mọ́! Wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀, wọ́n bi mí, mo sì sọ. Ta ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí nínú ilé yìí tí kò sọ? Kó dìde kí n rí i. Orí tí ẹ óò rí lára ògiri yẹn, ọ̀fọ̀ ọkọ mi ni wọ́n fi fá a. Báwo ni mo ṣe rí i kí ọkọ mi tó kú? Ọ̀gá Ṣódìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbogbo ìgbà tí mo ń sọ ọ́, orúkọ Kúkọ̀yí ò sì kúrò lẹ́nu wọn."

"Opó ni!" Ṣódìmú ti fò dìde. "Ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú! Ta ló lọ kí i kú ọ̀fọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀daràn?"

Adájọ́ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Kò gbé ojú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Arábìnrin, ìwọ nìkan kọ́ lẹnu rẹ̀ ò mọ́ nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ ọ́ síta, èmi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tú ọkùnrin yìí sílẹ̀. Kí wọ́n wádìí ibodè náà fúnra rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí òfin sọ nípa tìrẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Olúwa mi."

Wọn kò jẹ́ kó lọ sílé. Wọ́n dá a padà sínú yàrá, fìlà tútù tún bọ́ sórí rẹ̀. Tinúadé kán egbòogi sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó korò ju ewúro lọ.

"Èyí ni kò ní jẹ́ kó gan padà," ni Tinúadé wí. "Ẹ máa sọ ọ́ bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti ń sọ ọ́ ló ń lọ."

Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá. Ó fẹ́ fo òwúrọ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni kò ní fẹ́ fò ó?

"Láti ìgbà tí ẹ jí," ni Tinúadé wí jẹ́jẹ́.

"Àbúrò, bó bá tán, sọ fún mi. Sọ fún mi pé a parí ìjà wa."

"Òfin ò gbà kí n dá ohun tí mo fọ̀ padà sí yín létí. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Nígbà náà ni Mosúnmọ́lá di ojú, tó sì sọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní òun jí, òun sì gbọ́ ṣíbí nínú ìkòkò. Adékàmbí ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń jẹ ọbẹ̀ àná tí òun fi ìbínú sè. Ó ní, "Iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí, ọ̀sà pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀." Òun kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́. Ọkọ òun wá ní, "Mosún, o borí. Bí òjò bá dá, a ó di ẹrù." Ó fa òun mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo, epo náà sì ba aṣọ òun jẹ́, òun kò bínú. Ìdí tí òun ṣe gbé oúnjẹ tuntun lọ sí ibodè lọ́sàn-án nìyẹn, oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Tinúadé ń sunkún pẹ̀lú. Lára ògiri, ṣíbí ń parẹ́, ìkòkò ń parẹ́, ọwọ́ elépo náà pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ.

Lẹ́yìn náà, ó rí ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì létí èbúté, ẹnu rẹ̀ korò. Akọ̀wé ti ka ohun tó ṣe nílé ẹjọ́ fún un, ó sì gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti kú. Ó rántí ẹkún àti ilé tó kún. Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀yìn Adékàmbí lórí ibùsùn ló rí, pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀ náà tó ń gbóná lọ́rùn rẹ̀. Ó ti kú pẹ̀lú ìbínú sí òun. Ìrònú náà gún un bí ohun tuntun.

Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Kúkọ̀yí ni.

"Ìyàwó wa, ẹ ti gbà mí là. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mi ò sí lórí afárá yẹn."

Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó wá ohun tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀ náà nínú orí rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí irọ́, kò sí òótọ́.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Dìde."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ ṣí, Tinúadé sáré wá sẹ́nu omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ ti parí ìjà yín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ yín kú gan-an, wọ́n ní àwọn gbà kí ẹ kó lọ, ẹ̀yin méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi."

Mosúnmọ́lá wo ọmọbìnrin náà, ó sì fi ọwọ́ kàn án léjìká pẹ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe fún gbogbo àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀.

"O ṣé, àbúrò," ló wí. "Bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sọ fún opó nìyẹn."